Ẹbọ Tí Ajá Jẹ Ní Ìdí-Amọ̀

Ẹsẹ̀ Ìbílọlá amọ̀kòkò kò gbé e yí àmù ká mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé ní ìlú Ìdí-Amọ̀, obìnrin kì í jókòó mọ àmù. Amọ̀ á wà lójú kan, amọ̀kòkò á bẹ̀rẹ̀, á máa fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan lóde, títí ikùn àmù yóò fi yọ, tí ọrùn rẹ̀ yóò fi dìde. Láti ìgbà ọmọge ni Ìbílọlá ti ń ṣe é, àmù rẹ̀ sì ni wọ́n ń rù lọ sí àwọn ìlú tó yí wọn ká. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí à ń wí yìí, bí ó bá yí àmù ká lẹ́ẹ̀marùn-ún, òyì á kọ́ ọ, ojú rẹ̀ á ṣú, àyà rẹ̀ á sì máa lù bí àyà ẹni tó sáré láti oko wálé. Ní ọjọ́ kan ó ṣubú lé àmù tó ku díẹ̀ kí ó parí. Àmù tútù wó pọ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Oyún oṣù mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀.

Amọ̀ tútù kò gbọdọ̀ bá oòrùn ṣeré, ìkòkò tí kò tíì wọ iná kò gbọdọ̀ bá omi ṣọ̀rẹ́: oríkì awo tí wọ́n fi ń pe Ẹfúnṣeyè nìyẹn, òun ló sì da owó ẹyọ fún Ìbílọlá, aya Ọdẹ́níyì ọdẹ, ní ọjọ́ tó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, tó ń sunkún pé kí oyún òun má wálẹ̀, kí ọmọ òun tó wà láyé má sì lọ. Bí a ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ ni a ṣe ń sọ ọ́.

Ọmọ tó wà láyé náà ni Àríkẹ́. Ó ti pé ọmọ ọdún méjì, kò tíì rìn. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ, kì í sunkún gan-an, kì í sì í rẹ́rìn-ín gan-an. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń fi agbára ṣe ni kí ó fà lórí ìdí dé ibi tí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ jọ sí nínú ebu, ibi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò, kí ó sì máa bù ú jẹ. Ìbílọlá kò lẹ́nu láti bá a wí. Òun pàápàá, bí ó bá ń po amọ̀, á ṣẹ́ díẹ̀ sẹ́nu. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, tí òórùn amọ̀ gba afẹ́fẹ́, itọ́ á máa yọ lẹ́nu rẹ̀. Ilẹ̀ ni í jẹ ènìyàn. Ìyá àti ọmọ wọ̀nyí ló ń jẹ ilẹ̀.

Nínú agboolé, wọ́n ti rí ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù. Wọ́n ní ẹnì kan ló ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn. Àṣàbí, aya ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́níyì tí orogún ìyá rẹ̀ bí, ìyáalé Ìbílọlá, ni ẹnu rẹ̀ pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà, Ìyá Àgbà, ìyá Ọdẹ́níyì, ló sì nawọ́ sí. Arúgbó náà ti bí ọmọ mẹ́fà nígbà ayé rẹ̀, ó ti sin márùn-ún. Àṣàbí kò sọ pé ó sin wọ́n, ó ní ó jẹ wọ́n. Àwọn àgbà ilé pé jọ, wọ́n fẹnu kò pé bí oyún Ìbílọlá bá fi bà jẹ́, kí Ìyá Àgbà palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kí ó padà sí ilé bàbá rẹ̀, níbi tí kò ti sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Arúgbó náà gbọ́. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó ń ṣa igi ìdáná fún ilé tó fẹ́ lé e.

Èyí ni kò jẹ́ kí Ìbílọlá sùn. Ìyá Àgbà ló gba Àríkẹ́ sọ́wọ́ nígbà tó wá sáyé, òun ló ń pọn ọ́n nígbà tí agbára ìyá rẹ̀ kò tó o mọ́. Ìbílọlá kò fẹ́ pàdánù oyún, kò fẹ́ pàdánù ọmọ, kò sì fẹ́ kí wọ́n lé ẹni tó dà bí ìyá tó bí i. Ó di ọmọ mẹ́yìn, ó ń sinmi lábẹ́ igi gbogbo, ó gba ọ̀nà odò lọ sọ́dọ̀ Ẹfúnṣeyè.

Agbẹ̀bí ni Ẹfúnṣeyè kí ó tó di aláwo. Àwọn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà wá sáyé ti di ẹni tó ń bímọ. Ohun kan wà tó máa ń ṣe, tí ì bá dára kí gbogbo awo ìwòyí kọ́: ó máa ń wo ènìyàn kí ó tó wo owó ẹyọ. Ìbílọlá kò tíì kúnlẹ̀ tán tó fi fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀, tó wo inú rẹ̀. Ó wo ti Àríkẹ́. Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ tó ti hunjọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wo méjèèjì fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló tó kó owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún, tó dà wọ́n sí orí àtẹ. Mẹ́sàn-án ṣí ojú sókè. Ọ̀sá nìyẹn, odù tí àwọn aláìmọ̀kan máa ń rí, tí wọ́n á ti máa pariwo àjẹ́.

“Ta ni wọ́n ní ó ń mu ẹ̀jẹ̀ yín?” ni Ẹfúnṣeyè bi í.

“Ìyá ọkọ mi ni, Ìyá. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á.”

“Má jẹ́ kí ó gbà á láéláé. Ọ̀sá ní kò sí ẹni tó ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ló ń bínú pé wọ́n gbàgbé òun. Wọ́n ní kí o bọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ, kí o sì bọ́ ti ọmọ rẹ.”

“Kí ni mo máa wá, Ìyá?”

“Ẹ̀dọ̀ ẹran, ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Ẹja gbígbẹ. Ẹyin adìyẹ. Ẹ̀wà. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí kò jinná jù, kí epo pupa wà nínú rẹ̀, kí ọsàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí o máa gbé e sí kò jìnnà. Ẹbọ ńlá kọ́, ṣùgbọ́n ẹbọ ọjọ́ kan kọ́. Títí tí o fi máa bí ni, àti lẹ́yìn rẹ̀. Kí ìwọ àti ọmọ rẹ sì fi amọ̀ sílẹ̀ fún ìkòkò.”

Ìbílọlá dúpẹ́, ó lọ. Ibí yìí gan-an ni ọ̀ràn ti wọ́. Arúgbó tó sọ̀rọ̀ kò ní eyín iwájú mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá wá sídìí òrìṣà, etí ẹbọ ló máa ń gbé wá. Ẹfúnṣeyè wí pé kí ó bọ́ ẹ̀jẹ̀, bí a ti ń bọ́ ọmọ. Ìbílọlá gbọ́ pé kí ó bọ ẹ̀jẹ̀, bí a ti ń bọ òrìṣà. Ohùn kékeré kan ló la àárín méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni má fi í ṣe ẹlẹ́yà, nítorí àwa tó ń sọ ìtàn yìí náà, bóyá oríta ni à bá gbé e lọ.

Ó dé ilé, ó ro ẹjọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ọdẹ́níyì kò jiyàn rárá. Ènìyàn rere ni, ó bẹ̀rù ohun tí baba rẹ̀ bẹ̀rù. Gbogbo ẹran tó bá pa, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ tọdẹ nìkan, ṣùgbọ́n nítorí pé òrìṣà ló béèrè, ó gé e kalẹ̀ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ìbílọlá sè é. Ó se ẹ̀fọ́, ó se ẹyin, ó kó wọn sínú àpáàdì tuntun, ó gbé wọn lọ sí oríta láàárọ̀, ó kúnlẹ̀, ó wúre fún ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tó bá padà sílé, ẹ̀kọ tútù ni òun àti ọmọ rẹ̀ ń mu, nítorí pé ohun gbogbo tó dára ti lọ sí ìdí ẹbọ. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, àpáàdì á ti dán mọ́nrán. Inú rẹ̀ á dùn pé ẹbọ fín.

Ọjọ́ ọjà méje kọjá. Ìbílọlá ṣubú lẹ́ẹ̀mejì sí i. Àríkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle bí ó bá ti fà lórí ìdí díẹ̀. Ìyá Àgbà ti di ẹrù rẹ̀ sínú agbọ̀n kan, ó gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìbílọlá tún gba ọ̀nà odò lọ.

“Ìyá, mo rú u. Mi ò fo ọjọ́ kan.”

Ẹfúnṣeyè fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀. Ojú arúgbó náà fà ro. “Níbo lo ń gbé e sí?”

“Oríta ni, Ìyá.”

“Ta ló ń jẹ ẹ́?”

Ìbílọlá ronú díẹ̀. “Mo rí ajá ọkọ mi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì.”

“Ajá náà ńkọ́?”

“Ó sanra, Ìyá. Irun rẹ̀ ń dán. Ó bí mẹ́fà ní oṣù tó kọjá, gbogbo wọn ló yè.”

Arúgbó náà gbé ojú sókè, ó tún gbé e wálẹ̀. Wọ́n ní ó kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ló jáde lójú rẹ̀. “Ẹbọ rẹ ti fín, ọmọ mi. Ara ajá ló ti fín. Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́, ẹnu mi ti di ẹnu àìléyín. Mi ò ní kí o bọ ọ́. Mo ní kí o bọ́ ọ. Oúnjẹ ni.” Ó na ìka, ó fi kan ètè Ìbílọlá, ó tún fi kan ti Àríkẹ́. “Ibi tí mo wí pé kò jìnnà nìyí.”

Ìbílọlá wò ó. “Kí n máa fi ẹnu ara mi jẹ ẹbọ?”

“Kí o máa fi í jẹ ẹ́. Kí o sì fún ọmọ jẹ.”

“Wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè, Ìyá.”

“Àwọn olè tí wọ́n mú lọ́jà lọ́dún tó kọjá,” ni Ẹfúnṣeyè wí, “ta ló fún wọn lẹ́yin jẹ?”

Ìbílọlá gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó dìde, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n bí ó ti ń sún mọ́ ilé ni ẹ̀rín náà ń tán, nítorí ó mọ ohun tó wà níwájú. Èèwọ̀ ilé ọdẹ ni. Ìyàwó ọdẹ kì í jẹ ẹ̀dọ̀ ẹran ìgbẹ́. Bí ó bá jẹ ẹ́, wọ́n ní ìbọn ọkọ rẹ̀ kò ní í pa ẹran mọ́.

Ó bá Ọdẹ́níyì níbi tó ti ń kun ẹtu, Ìyá Àgbà jókòó nítòsí, ó ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́. Ìbílọlá sọ ọ̀rọ̀ náà láìfi nǹkan kan pamọ́. Ọdẹ́níyì da ọ̀bẹ dúró.

“Ìyẹn kò ṣeé ṣe,” ló wí. “Mo bá èèwọ̀ yẹn nílé ni.”

“Bàbá Àríkẹ́, ẹ fi fún oríta, ẹ kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ajá yín jẹ ẹ́ ní ọjọ́ ọjà méje. Ṣé ìbọn yín kọ iṣẹ́?” Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n. “Ẹ̀dọ̀ tí ajá jẹ tí kò sí èèwọ̀, ẹ dákun, kí ló dé tó fi di èèwọ̀ lẹ́nu tèmi?”

Ọdẹ́níyì kò tíì rí i kí ìyàwó rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ báyìí. Kí ó tó wá ohun tó máa wí, Ìyá Àgbà ti gbé ẹ̀fọ́ sílẹ̀.

“Bàbá rẹ sọ ọ́ fún èmi náà,” ni arúgbó náà wí. “Mo gbọ́ sí i lẹ́nu. Mi ò mọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe rí lẹ́nu títí di òní. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí. Inú ojú gbogbo wọn funfun bí ti Àríkẹ́ yìí, èmi náà sì máa ń ṣubú lẹ́bàá odò. Ìwọ nìkan ni o kù, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni o sì dàgbà sí, ẹyin ni ó ń fi pamọ́ fún ọ.” Ó tún gbé ẹ̀fọ́ rẹ̀. “Ìbọn bàbá rẹ pa ẹran púpọ̀.”

Ọdẹ́níyì wo agbọ̀n tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀. Ó fa ẹ̀dọ̀ ẹtu náà yọ, ó gbé e lé orí pákó, ó gé e sí mẹ́ta: ti ìyàwó rẹ̀, ti ọmọ rẹ̀, ti ìyá rẹ̀. Òun kò mú nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn baba wa máa ń yin ọdẹ tó bá pa ẹkùn. Ní tèmi, ọ̀bẹ ọjọ́ yẹn ni mo fi ń yin Ọdẹ́níyì.

Ẹ̀rù bà á o. Nígbà tó tún máa lọ sígbó, ó yẹ ìbọn wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n ìbọn dún, ìgalà kan sì wó lulẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó dúró lórí ẹran náà, ó pẹ́ kí ó tó gbé e.

Láti ọjọ́ náà ni Ìbílọlá ti ń bọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò rọrùn fún un. Ní àkọ́kọ́, bí ó bá gbé ẹ̀dọ̀ sẹ́nu, á dà bíi pé ó ń jí i jẹ, á máa wo ẹ̀yìn. Amọ̀ tún ń pè é nínú ebu, pàápàá bí òjò bá rọ̀. Á mú ọsàn kan, á mu ún, á sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ń gún ẹja gbígbẹ sínú ẹ̀kọ Àríkẹ́, ó ń fún un lẹ́yin níṣojú gbogbo ènìyàn. Ìyá Àgbà ló ń se ẹ̀fọ́ náà, òun ló ń dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi jẹ ẹ́ tán. Díẹ̀díẹ̀, inú ìpéǹpéjú ìyá àti ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìbílọlá ń mọ àmù, ó ń fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, ló bá kọlu nǹkan kékeré kan. Ó wẹ̀yìn. Àríkẹ́ ni, ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó di ìró ìyá rẹ̀ mú, ó ń bá a yí àmù ká.

Ṣé a rántí Àṣàbí? Òun náà lóyún lásìkò kan náà, inú ojú òun náà funfun, ó sì ní amọ̀ díndín tó ń so mọ́ etí aṣọ, tó ń ṣẹ́ jẹ. Ìbílọlá tọ̀ ọ́ lọ, kò ronú nípa ohun tó ti wí sẹ́yìn.

“Ìyáalé mi, ẹ jẹ́ kí a jọ máa jẹ ẹ́. Ẹ ó fi dá ara yín àti ọmọ inú yín sí.”

Àṣàbí rẹ́rìn-ín títí. “Ìyàwó, ọ̀kánjúwà lo wọ aṣọ òrìṣà fún. Níbo ni wọ́n ti ń rú ẹbọ tí ẹlẹ́bọ ń yó?”

Ó ní òun yóò fi bí wọ́n ti ń rú ẹbọ hàn án. Ó pa odindi òbúkọ, ó kó o lọ sí oríta tẹ̀dọ̀-tẹ̀dọ̀, kò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Ajá Ọdẹ́níyì àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò tíì rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Oyún Àṣàbí kò tó oṣù bíbí tí ìrọbí fi mú un. Wọ́n pe Ẹfúnṣeyè, ó dé. Ọmọkùnrin ni, ó kéré bí ọmọ ẹyẹlé. Ó mí fún ìwọ̀nba ìgbà tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà kò mí mọ́. Ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára ìyá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí kò tó tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ agbẹ̀bí àtijọ́ ló dá a dúró, ọlá ọwọ́ yẹn ni Àṣàbí jẹ tí kò fi bá ọmọ rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí iṣu tuntun jáde ni Ìbílọlá bí tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dà lára òun náà, bí ó ti ń dà lára gbogbo obìnrin, ṣùgbọ́n ó ní èyí tó lè fi tọrẹ, ó sì ní èyí tó kù. Igbe ọmọkùnrin náà dé etí odò. Wọ́n sọ ọ́ ní Orímóògùnjẹ́. Ìyá Àgbà ló gbé e jáde ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Agbọ̀n ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ti di ibi tí adìyẹ ń yé sí, ẹyin inú rẹ̀ sì jẹ́ ti Àríkẹ́.

Kí ogójì ọjọ́ tí Ìbílọlá bímọ tó pé, ó gbé àwo ẹ̀fọ́ kan wọ yàrá Àṣàbí. Ẹ̀dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà tẹ̀lé e pẹ̀lú ọsàn lọ́wọ́. Àṣàbí ṣì dùbúlẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀, kò lè gbé ọwọ́, kò sì lè wo ojú arúgbó náà. Ìbílọlá jókòó tì í, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ bí ọmọ, ó ń dúró kí ó gbé ọ̀kan mì kí ó tó bu òmíràn. Nígbà tí àwo fẹ́ tán, Àṣàbí sọ̀rọ̀.

“Odindi òbúkọ ni mo gbé fún ajá.” Omijé gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. “Ọmọ mi ni mo gbé fún ajá. Mo sì pe ìyá yìí ní àjẹ́.”

Ìyá Àgbà bó ọsàn, ó fún un lẹ́nu. “Mu ún,” ló wí. “Jẹ èyí tó kù.”

Ẹni tó gbọ́ràn ní Ìdí-Amọ̀, Ìbílọlá ni, ó sì rí èrè rẹ̀: ọmọ méjì ń sáré nínú ebu rẹ̀, àmù rẹ̀ sì tún ń lọ sí ìlú òkèèrè. Ẹni tó kẹ́gàn kábàámọ̀, ó fi ọmọ kan kábàámọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún bí lẹ́yìn náà nígbà tó ti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín bọ àti bọ́. Láti ìgbà náà, bí obìnrin ìlú yẹn bá ti fẹ́ra kù, ilé ọkọ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbé ẹ̀dọ̀ síwájú rẹ̀, wọ́n á sì ní kí ó rú ẹbọ kí ó tó tutù.

Ajá Ọdẹ́níyì kò yéé lọ sí oríta láràárọ̀. Á jókòó, á máa wo ọ̀nà ilé títí oòrùn á fi mú, kò sì sí ẹni tó gbé nǹkan kan wá fún un mọ́.